Ẹ̀rọ ìgékoríko tí yóò pẹ́: ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ rèé ní ṣókí, kí ẹlòmíràn tó bá ń kà á lè bá wa lọ. Àgbàlá yín fẹ̀ tó nǹkan bí 700 mítà onígun mẹ́rin, apá kan rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, gbòǹgbò igi sì yọ sókè láàárín koríko. Ẹ ti lo ẹ̀rọ ìgékoríko méjì tí à ń rìn tẹ̀lé, kò sì sí èyí tó bá yín dé ibi tí ẹ fọkàn sí. Èyí àkọ́kọ́ máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, àmọ́ kò pẹ́ tí táyà rẹ̀ fi kọ̀ tí kò yí mọ́. Èkejì, ìpẹtà jẹ ìkarahun rẹ̀ dá lu. Lẹ́yìn tí ẹ wá gbé e kalẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó kọ̀, kò sítáàtì mọ́. Ní báyìí, ẹni tó ń tà á sọ fún yín pé èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tóbi jù ni yóò pẹ́ jù. Ẹ ń béèrè bóyá òótọ́ ni, àti bóyá elépo bẹntiróòlù ni kí ẹ rà àbí oníbátìrì.

Rárá, kì í ṣe òótọ́. Nínú ẹ̀rọ ìgékoríko tí àwọn onílé ń gbé wá fún àtúnṣe, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì gan-an ló kú. Ohun tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ: ìkarahun tó bo abẹ, táyà, jíà tó ń yí táyà, wáyà tó ti ọwọ́ ẹ̀rọ sọ̀kalẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìwọ̀nyí, kábúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, tí epo àtijọ́ ti dì pa ni. Ẹ tún wo ti yín náà. Ọ̀nà ìrìn ló bàjẹ́ lára àkọ́kọ́, ìpẹtà àti epo àtijọ́ ló mú èkejì lọ. Ó ṣeé ṣe kí ara ẹ́ńjìnnì méjèèjì ṣì le koko. Bí ẹ bá wá lọ sanwó kún owó nítorí cc, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, owó náà kò lọ sí ibi tí ẹ̀rọ ti ń kú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ tí abẹ rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 53, tó wọ́pọ̀ fún irú àgbàlá yín, yóò gé 700 mítà onígun mẹ́rin láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, bí a bá ka yíyí padà àti ìsinmi mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń gé koríko lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 30 lọ́dún, wákàtí 20 péré ni ẹ́ńjìnnì náà fi ṣiṣẹ́ lọ́dún kan. Ní ọdún 10, ó di wákàtí 200. Ẹ́ńjìnnì tó dára, tí wọ́n ń yí ọ́ìlì rẹ̀ padà bó ṣe yẹ, kì í ka wákàtí 200 sí ohun tó lè pa á. Ṣùgbọ́n ìpẹtà kì í dúró de ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Ojoojúmọ́ tí koríko tútù bá fi lẹ̀ mọ́ inú ìkarahun náà ló fi ń jẹ ẹ́, yálà ẹ ń lò ó àbí ó wà ní igun ilé. Wákàtí ni ẹ́ńjìnnì fi ń gbó. Ọdún ni ìkarahun fi ń gbó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n yẹ ìsàlẹ̀ wò kí wọ́n tó wo òkè.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Lórí pẹpẹ ìtajà, gbogbo ẹ̀rọ tuntun ló ń dán. Ẹ ní kí wọ́n gbé ọ̀kan sílẹ̀ fún yín, kí wọ́n gbé imú rẹ̀ sókè kí ẹ lè rí inú rẹ̀. Mẹ́ta ni ohun tí wọ́n sábà fi ń ṣe ìkarahun yìí: irin tí wọ́n tẹ̀, alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà, àti ike.

Irin ló pọ̀ jù lọ, nítorí òun ni kò wọ́n. Kì í ṣe ohun búburú, àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín irin tí kò nípọn ju mìlímítà kan àtààbọ̀ lọ àti èyí tó tó mìlímítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tó tẹ́ jù. Bó bá ń wọlé tó ń jáde, ẹ gbé e padà fún wọn. Ẹ wo ibi tí bóòtì táyà ti wọ ara ìkarahun. Bó bá jẹ́ irin pẹẹrẹ yẹn nìkan ni bóòtì gbá mú, láìsí irin mìíràn tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn, ihò náà yóò máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí táyà yóò fi dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rọ náà yóò sì máa gé koríko ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ wo àyíká bóòtì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ìkarahun pẹ̀lú. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ń kó gbogbo agbára rẹ̀ síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni irin tó fẹ́lẹ́ ti máa ń ya. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ tọ́ etí ìkarahun náà. Etí tí wọ́n ká lé ara rẹ̀ tí kò ní àyè tí omi lè gbà jáde, omi inú koríko ni yóò máa mu títí tí yóò fi dípẹtà láti inú wá. Ọ̀dà tó nípọn dára, àmọ́ kò sí ọ̀dà tó lè gba iyanrìn tí abẹ ń fọ́n lù ú fún ọdún púpọ̀, pàápàá ní iwájú àti lẹ́nu ibi tí koríko ń gbà jáde. Ibi méjì wọ̀nyí ni ẹ óò ti kọ́kọ́ rí ihò.

Alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà ni èmi fẹ́ràn jù. Kì í dípẹtà bí irin, kì í tẹ̀, bóòtì sì ń dúró nínú rẹ̀ dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ó bá kọlu kùkùté lójijì ó lè sán, gbogbo alágbẹ̀dẹ kọ́ ló sì mọ bí a ṣe ń jó o padà. Ike ńkọ́? Àwọn ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín sí i, kò sì yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ike tó nípọn, irú èyí tí Honda pè ní NeXite, tó fi ṣe ìkarahun ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀ tó ń jẹ́ HRX, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìpẹtà, ó sì ń gba òkúta dáadáa. Ike pẹ́lẹ́bẹ́ tó wà lára àwọn ẹ̀rọ tí kò wọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fìka kàn án, ẹ óò gbọ́ ìyàtọ̀ ìró wọn.

Ọ̀rọ̀ gbòǹgbò inú àgbàlá yín wá kàn. Abẹ ẹ̀rọ yìí ń yí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Orí ọ̀pá kíráńkì, ìyẹn ọ̀pá irin tó ti inú ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀, ni wọ́n sì sábà de abẹ náà mọ́ tààrà. Bí abẹ bá kọlu gbòǹgbò tó dúró ṣinṣin, ọ̀pá yẹn dúró lójijì, àmọ́ irin róbótó wíwúwo tó wà ní òkè ẹ́ńjìnnì ṣì fẹ́ máa yí lọ. Ohun tó wà láàárín wọn ni irin kékeré kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kíì. Bí Ọlọ́run bá ṣe é, kíì náà nìkan ló máa gé, ẹ̀rọ á kọ̀ láti sítáàtì, tàbí kó máa já okùn gbà mọ́ yín lọ́wọ́. Kíì tuntun kì í wọ́n. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pá kíráńkì ló tẹ̀. Ẹ óò mọ̀ nítorí gbogbo ara ẹ̀rọ yóò máa gbọ̀n bí ẹ bá tan án, ọwọ́ yín yóò sì máa kú tipiri. Nínú ẹ̀rọ onílé, ọ̀pá tó tẹ̀ sábà máa ń túmọ̀ sí pé owó àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀rọ tuntun. Kò sí bí cc ṣe lè pọ̀ tó tí yóò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ èyí.

Nítorí náà, kó tó di pé ẹ ra ohunkóhun, ẹ yí ìdí igi náà ká pẹ̀lú ewé gbígbẹ tàbí èèpo igi tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, kí ẹ̀rọ má tilẹ̀ ní ohun tó ń wá dé ibẹ̀. Èyí tó bá jìnnà sí ìdí igi, ẹ fi ọwọ́ gé koríko àyíká rẹ̀. Bí ẹ bá sì lè rí ẹ̀rọ tó jẹ́ pé àwo róbótó ló wà lórí ọ̀pá kíráńkì, tí abẹ kéékèèké sì rọ̀ mọ́ etí àwo náà, tí wọ́n lè ṣẹ́ sẹ́yìn bí wọ́n bá kọlu nǹkan, irú rẹ̀ ló yẹ ilẹ̀ tó ní òkúta àti gbòǹgbò. Irú abẹ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ Victa, tí Mervyn Richardson bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Ọsirélíà ní 1952, àti lára ẹ̀rọ àwọn iléeṣẹ́ mìíràn níbẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ má wo ẹ́ńjìnnì o. Ẹ wò ó, àmọ́ ohun tó yẹ kí ẹ wò kọ́ ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ OHV tàbí OHC sí lára, tí fáàfù rẹ̀ wà lókè písítìn. Irú àtijọ́ tí fáàfù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìn máa ń gbóná jù, ó sì ń jẹ epo jù. Láàárín 140cc sí 170cc ti tó fún yín pátápátá. Èyí tó bá ju 190cc lọ ń fi ìwúwo àti epo kún ìnáwó yín, àyàfi bí ẹ bá máa ń jẹ́ kí koríko dé orúnkún kí ẹ tó gé e.

Àmì kan wà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í kà, tó sì sọ òótọ́ ju ìwé ìpolówó lọ. Lára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, wọ́n ní láti kọ iye wákàtí tí olùṣe fọwọ́ sọ̀yà pé èéfín rẹ̀ kò ní kọjá ohun tí òfin gbà. Fún ẹ́ńjìnnì tí kò tó 225cc, lẹ́tà C dúró fún wákàtí 125, B fún 250, A fún 500. Kò túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì C yóò kú ní wákàtí 126. Èéfín nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n bí òrùka písítìn àti fáàfù bá ti jẹ, ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, èéfín á sì bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún wákàtí 500 mọ ohun tó kó sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ méjì tí owó wọn kò jìnnà síra, tí ọ̀kan ní A, tí èkejì ní C, ẹ ti mọ èyí tí ẹ óò mú.

Bí apá yín bá ká a, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi irin líle bo inú sìlíńdà rẹ̀ pẹ́ ju èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù lásán lọ. Honda GXV160 rí bẹ́ẹ̀, Kawasaki FJ180V náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fi koríko gígé jẹun ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Fún wákàtí 20 lọ́dún, ó ju ohun tí ẹ nílò lọ, n kò sì ní kí ẹ tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè. Ẹ óò tún rí ẹ́ńjìnnì Briggs & Stratton kan tí wọ́n sọ pé kò nílò kí a yí ọ́ìlì rẹ̀ padà rárá, kí a ṣáà máa bù kún un. Ẹ́ńjìnnì yẹn ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìmọ̀ràn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ́ìlì tó ti dúdú kún fún èérún irin, kò sì sí bí bíbù kún un ṣe lè kó èérún yẹn jáde. Ẹ yí i padà.

Ní ti èyí tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn àti èyí tí à ń tì, ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ronú jù. Bẹ́líìtì, jíà, wáyà, àti eyín inú táyà ni ẹ̀rọ tó ń rìn fúnra rẹ̀ fi ju èyí tí à ń tì lọ. Gbogbo wọn ni yóò jẹ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ tí à ń tì fúyẹ́, kò sì ní ọ̀kankan nínú wọn tó lè bàjẹ́. Bí ara yín bá gbà á, tí ibi tó dà gẹ̀rẹ́ náà kò sì ga púpọ̀, òun ni ẹ̀rọ tó máa pẹ́ jù fún owó tó kéré jù. Bí ara kò bá gbà á, ẹ ra èyí tó ń rìn fúnra rẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó rẹ ènìyàn débi tí kò fi fẹ́ gbé e jáde mọ́ kò wúlò, bó ti wù kó le tó.

Èyí tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ń fà ni kí ẹ rà, ẹ má ra èyí tí táyà iwájú ń fà. Ẹ̀yìn ni àpò koríko wà. Bó bá ti kún, ìwúwo rẹ̀ tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, iwájú á sì fúyẹ́. Ní ibi tó dà gẹ̀rẹ́, táyà iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, eyín ike inú rẹ̀ á sì máa jẹ ara rẹ̀. Mo fura pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àkọ́kọ́ yín nìyẹn. Ẹ béèrè bóyá irin ni jíà náà àbí ike. Ẹ gbé táyà kọ̀ọ̀kan sókè, ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì. Èyí tó bá ní bẹ́rìn nínú, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tí táyà ń yí lé, kò ní mì, èyí tó jẹ́ pé orí ike lásán ló ń yí yóò ti máa mì díẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wà ní tuntun. Táyà ńlá lẹ́yìn dára fún ilẹ̀ tó rí ṣágiṣàgi.

Kí ẹ tó ju àkọ́kọ́ náà nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan wo wáyà àti bẹ́líìtì rẹ̀. Wáyà tó ti dẹ̀ kò lè fa jíà wọlé mọ́, bẹ́líìtì tó ti jẹ á sì máa yọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn á wá gbà pé jíà ló kú. Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lára wáyà náà tí wọ́n fi ń fún un le. Ó lè jẹ́ ohun tó ṣe é kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wáá béèrè nípa oníbátìrì. Mi ò sí lára àwọn tó ń bú u. Kò ní kábúrétọ̀, kò ní ọ́ìlì, kò ní pọ́lọ́ọ̀gì, kò ní okùn tí à ń fà. Epo àtijọ́ tó pa ẹ̀rọ yín kejì kò lè pa á. Mọ́tò inú àwọn tó dára kì í ní búrọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tó ń fara ra inú mọ́tò láti gbé iná wọlé títí yóò fi jẹ, ó sì lè pẹ́ ju gbogbo ohun tó kù lára ẹ̀rọ lọ. Bátìrì gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí. Ó ń gbó bó bá ń ṣiṣẹ́, ó tún ń gbó bó bá dúró, ooru ló sì ń mú kó tètè gbó jù lọ. Ìpín tó pọ̀ nínú owó ẹ̀rọ náà ló dà sí bátìrì. Ẹni tó bá fẹ́ lo irú ẹ̀rọ yìí fún ọdún 10 ní láti ka owó bátìrì kan sí i mọ́ owó tó ń ná lónìí, kó sì rò ó bóyá iléeṣẹ́ náà yóò ṣì máa ṣe irú bátìrì yẹn nígbà náà. Bátìrì tí iléeṣẹ́ kan ń lò fún ẹ̀rọ ìgéigi, ẹ̀rọ ìfẹ́wé àti oríṣiríṣi irinṣẹ́ mìíràn ló ní ìrètí pé kò ní pòórá.

Ẹ má jẹ́ kí iye fóòtì (V) tí wọ́n kọ sára bátìrì fọ́ yín lójú. Bátìrì tí wọ́n kọ 40 fóòtì sí lára nílé kan ni wọ́n ń pè ní 36 nílé mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì 10, ìyẹn bátìrì kéékèèké, tó tò tẹ̀lé ara wọn ló wà nínú méjèèjì; ẹnìkan ń ka agbára rẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, ẹnìkejì ń ka ìwọ̀n àárín. Wh, ìyẹn àpapọ̀ agbára tí bátìrì lè kó, ni kí ẹ bi wọ́n. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ sọ iye fóòtì di púpọ̀ ní ọ̀nà iye Ah, ìyẹn nọ́ńbà kejì tó máa ń wà lára bátìrì: fóòtì 56 ní ọ̀nà Ah 5 yóò fún yín ní 280 Wh. Pẹ̀lú koríko kúkúrú tó gbẹ, 280 lè gé gbogbo àgbàlá yín lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lú koríko tó ga tó sì tutù, ó lè parí kí ẹ tó dé ìdajì. Èmi ò ní rà á fún 700 mítà onígun mẹ́rin tó ní ibi gẹ̀rẹ́ láìjẹ́ pé bátìrì náà tó 400 Wh, tàbí kó jẹ́ méjì. Bó bá sì máa wà ní ìpamọ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ jẹ́ kó wà ní nǹkan bí ìdajì ṣáájì, níbi tó tutù. Ẹ má fi í sí ahéré oní-páànù tí oòrùn ń pa.

Ohun tó yẹ kó pinnu láàárín méjèèjì ni ìwà yín. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó máa fa epo jáde kó tó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, tó máa yí ọ́ìlì padà lọ́dọọdún, elépo tí ìkarahun rẹ̀ le yóò bá yín ju ọdún 10 lọ. Bí ẹ bá mọ̀ nínú ọkàn yín pé ẹ kò ní ṣe é, ẹ ra oníbátìrì.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ ṣáà lọ ra Honda, kí ọ̀rọ̀ parí. Orúkọ yẹn kò jẹ́ lásán. Àmọ́ ní 2023, Honda dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ ìgékoríko elépo dúró fún ọjà Amẹ́ríkà. Ó ṣì ń ṣe ẹ́ńjìnnì, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn sì ń gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sórí ìkarahun tiwọn. Ẹ rí i pé orúkọ tó wà lára ẹ́ńjìnnì lè yàtọ̀ sí ti ẹni tó ṣe ìkarahun, táyà àti jíà, ẹni kejì yìí ni ẹ óò sì máa wá páàtì rẹ̀ jù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí òǹtajà fi abẹ, bẹ́líìtì, wáyà àti táyà ẹ̀rọ náà hàn yín, tàbí kó sọ nọ́ńbà wọn àti ọjọ́ tí wọ́n lè dé bí ẹ bá béèrè. Bí kò bá lè dáhùn fún ẹ̀rọ tó ṣì wà ní tuntun, kí ni yóò sọ ní ọdún keje? Wáràńtì gígùn dára, àmọ́ ẹ kà á. Ọ̀pọ̀ wọn kì í bo jíà, táyà àti abẹ, tó jẹ́ àwọn ohun tó máa ń bàjẹ́ gan-an.

Ọwọ́ ìdádúró tí à ń di mú, tó ń mú kí abẹ dúró bí a bá tú u sílẹ̀, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́lẹ̀ fún yín. Òfin Amẹ́ríkà ti ní kí abẹ dúró láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 3 láti 1982, ìdí rẹ̀ sì ni ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Ní ibi tó dà gẹ̀rẹ́, ẹ rìn ní ìbú, ẹ má rìn lọ sókè-sódò, kí ẹ̀rọ má baà yí lé yín lẹ́sẹ̀ tàbí kí ẹ yọ̀ wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ní ti epo, ibẹ̀ ni ẹ ti pàdánù èkejì, mo sì fẹ́ kí èyí tó ń bọ̀ yè é. Epo bẹntiróòlù kì í pẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ ó ti ń bàjẹ́, ohun tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á ti fẹ́ lọ, èyí tó kù á sì máa di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi. Ihò inú kábúrétọ̀ kò ju ibi tí orí abẹ́rẹ́ lè wọ̀ lọ, ó sì rọrùn kó dí. Bí ethanol bá wà nínú epo náà, ó tún burú sí i, nítorí ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn á sì jẹ irin inú kábúrétọ̀. Ẹ ra epo tí kò ní ethanol bí ẹ bá lè rí i, ẹ má sì rà ju èyí tí ẹ lè lò láàárín oṣù kan. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ fa epo inú táǹkì jáde, kí ẹ wá tan án kó máa ṣiṣẹ́ títí epo inú kábúrétọ̀ yóò fi tán tó máa kú fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ní ìdènà epo lábẹ́ táǹkì mú kí èyí rọrùn púpọ̀. Mo ka ìdènà kékeré yẹn sí ju 20cc àlékún lọ.

Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gé koríko tútù, ẹ yọ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ gbé ẹ̀rọ sókè, ẹ fi igi tàbí ike ha inú ìkarahun rẹ̀ mọ́. Ìhà tí asẹ́ afẹ́fẹ́ wà ni kó wà lókè nígbàkígbà tí ẹ bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, ọ́ìlì á ṣàn wọ inú asẹ́ náà, ẹ̀rọ á sì máa rú èéfín funfun. Ẹ má da omi alágbára sí ìdí táyà, ó ń lé gíríìsì kúrò nínú bẹ́rìn. Abẹ tó kú ń mú kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ, ẹ pọ́n ọn nígbà méjì sí mẹ́ta lọ́dún. Lẹ́yìn tí ẹ bá pọ́n ọn, ẹ fi ihò àárín rẹ̀ kọ́ sára ìṣó: bí apá kan bá wálẹ̀, ẹ ha apá náà díẹ̀ sí i títí yóò fi dọ́gba. Abẹ tí kò dọ́gba ń gbọn gbogbo bóòtì tú.

Fún àgbàlá yín, ohun tí èmi yóò mú nìyí: elépo tí à ń tì, tàbí èyí tí táyà ẹ̀yìn ń fà bí ibi gẹ̀rẹ́ náà bá ń dààmú yín, ìkarahun alumíníọ̀mù, ẹ́ńjìnnì OHV bíi 160cc tó ní lẹ́tà A, bẹ́rìn nínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdènà epo. Bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀, ẹ fi cc sílẹ̀, ẹ fi àpò koríko sílẹ̀, ẹ fi bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ kó sítáàtì sílẹ̀, àmọ́ ẹ má fi ìkarahun àti bẹ́rìn sílẹ̀.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ má fa okùn rẹ̀ rárá kí ẹ tó fa ọ̀pá ọ́ìlì rẹ̀ jáde wò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun ni kì í ní ọ́ìlì nínú láti iléeṣẹ́, ẹ́ńjìnnì tó bá sì ṣiṣẹ́ láìní ọ́ìlì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, wáràńtì kò sì ní bò ó. Ẹ bu irú ọ́ìlì tí ìwé ìlò rẹ̀ sọ, tó sábà máa ń jẹ́ SAE 30 tàbí 10W-30, ní nǹkan bí ìdajì lítà, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo ọ̀pá náà bí ẹ ṣe ń bù ú. Lẹ́yìn wákàtí 5 àkọ́kọ́, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ bu òmíràn, nítorí inú wákàtí yẹn ni èérún irin tuntun pọ̀ sí jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ní gbogbo wákàtí 50 tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, èyí tó bá kọ́kọ́ pé.